Bàbá Tó Ń Kúnlẹ̀ fún Ọmọ Rẹ̀

Lọ́dún Àjíǹde ni ìyá ọkọ mi sọ ọ́, nígbà tó ń múra láti padà sílùú wọn lápá Abẹ́òkúta. Ó ní bí òun bá tún wá sí Okokomaiko, tí ọmọ mi kò bá tíì lè kúnlẹ̀ kí àgbàlagbà, òun yóò mú un lọ sílé àdúrà tó wà lọ́dọ̀ wọn. Mo mọ ilé àdúrà náà. Mo rí i nígbà tí ọkọ mi mú mi lọ han àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọgbà ńlá ni, wọ́n kun ògiri rẹ̀ ní funfun, àwọn ọmọ tí òye wọn kò tó ti ẹgbẹ́ wọn jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ, wọ́n ń wẹ̀ fún wọn, mi ò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n okùn wà lẹ́sẹ̀ àwọn kan nínú wọn, ìdí igi ni wọ́n sì so ó mọ́.

Ọmọ mi obìnrin ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́fà nígbà náà. Òun ni àkọ́bí. Ó pẹ́ kó tó rìn, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tó sì ń sọ kò pọ̀. Bí ènìyàn bá ní kó ṣe nǹkan, á kọ́kọ́ tẹjú mọ́ ẹnu ẹni náà bíi pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣì wà lọ́nà. Bí wọ́n bá fi ìkanra tún un sọ, á jókòó sílẹ̀ gbì. Bí wọ́n bá fà á, á géni jẹ. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní dìndìnrìn. Àwọn àgbà kì í pè é bẹ́ẹ̀ lójú mi.

Èmi náà kì í ṣe ẹni tó láyà. Ọ̀jọ́ létí omi ni wọ́n ti bí mi, mo ka ìwé mẹ́fà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo ń bá àwọn ẹgbẹ́ mi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ra àgbọn lódìkejì ọ̀sà. Nígbà tí oyún ọmọ yìí wà nínú mi, ọkọ̀ wa dojú dé. Àpò àgbọn kan ni mo dì mọ́ títí àwọn apẹja fi fà mí jáde. Kì í ṣe gbogbo wa tí a jọ jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà ló padà wálé. Àwọn kan ní ẹ̀rù omi ló wọ ọmọ náà lára nínú oyún. Nọ́ọ̀sì kan ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé bóyá nígbà ìrọbí ni. Mi ò mọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú méjèèjì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá ti lè mì, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí: àkàbà, àga, ọkọ̀, igi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Nítorí náà, bí mo bá ro ọ̀rọ̀ tí mo ń bá ọmọ mi sọ láti àárọ̀ di alẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni jókòó, dákẹ́, má fọwọ́ kàn án, kúrò níbẹ̀.

Ìdí sì wà fún ẹ̀rù. Yàrá kan la ń gbé nínú ilé elérò púpọ̀, láàárín oríta Okokomaiko àti ọ̀nà tó lọ sí Ìbà. Àwọn òyìnbó ń ṣe ọ̀nà Bàdágìrì tuntun lọ́wọ́, ọkọ mi sì ń wa ọkọ̀ omi fún wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wọ́n omi sórí ilẹ̀ pupa kí eruku má baà bo gbogbo wa mọ́lẹ̀. Owó epo ti dé ìgboro. Ẹni tí kò ní bíríkì kan rí ti ń kọ́lé, gbogbo ìyá sì fẹ́ kí ọmọ òun wọ aṣọ tuntun. Èmi ń fi maṣíìnì ọlọ́wọ́ rán aṣọ ọmọdé lọ́dẹ̀dẹ̀, iṣẹ́ kì í tán nílẹ̀. Ṣùgbọ́n típà oníyanrìn ń kọjá láti àárọ̀ kùtù, ọmọ mi kò sì mọ̀ pé típà ń pani.

Lẹ́yìn tí ìyá ọkọ mi lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ ní ìkíni. Láràárọ̀, màá mú un dúró níwájú mi, màá gbé ọwọ́ lé e léjìká, màá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Kúnlẹ̀. Sọ pé, ẹ káàárọ̀ mà." Á le gbagidi. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ sí i, á ké, á sì fi eyín bá mi lọ́wọ́. Ìyá kan wà tó ń ta èédú, tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Bó ṣe ń wọn èédú rẹ̀ síta ni yóò máa wò wá.

"Tẹ̀ ẹ́ dáadáa," ni yóò wí. "Orúnkún ọmọdé kì í kán. Ìwọ lo ń ṣojo."

"Ẹ wo ọwọ́ mi, Ìyá."

"Mo rí i. Eyín ẹ̀ dára."

Ọjọ́ Sunday kan ni ọkọ mi, tó jẹ́ pé ilẹ̀ kì í mọ́ bá a nílé, rí wa báyìí. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ọmọ tó jókòó sílẹ̀ tó ń mí gule-gule. Kò bá ẹnikẹ́ni wí nínú wa. Ó wọ yàrá lọ, ó ró ìró mi, ó wé gèlè mi mọ́rí gbágungbàgun, ó jáde, ó sì kúnlẹ̀ níwájú ọmọ bí obìnrin.

"Ẹ káàárọ̀ mà, ìyá àgbà," ó fi ohùn tínrín sọ ọ́. "Ṣé ara yín le?"

 Ọmọ tẹjú mọ́ ẹnu bàbá rẹ̀. Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ rí ohun tí n kò mọ̀ ọ́n ṣe: bàbá rẹ̀ dúró dè é. Kò tún ọ̀rọ̀ náà sọ, kò ní "ṣé o gbọ́ ni?" Ó wà lórí orúnkún títí Ìyá Eléèédú fi yọ sí wa.

"Èèwọ̀!" Ó fọwọ́ lérí. "Dẹ̀rẹ́bà, ẹ dìde ńlẹ̀! Ẹ̀ ń gégùn-ún fọ́mọ yìí ni?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ìyàwó tuntun ni mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ ni."

"Ìyàwó tó nírùngbọ̀n!"

"Bí wọ́n ṣe rí mi nìyẹn tí wọ́n fi san owó orí mi."

Níbi tí wọ́n ti ń bá ara wọn fà á ni ọmọ na ọwọ́, tó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bàbá rẹ̀ lẹ́yìn, bó ṣe máa ń rí i tí àwọn ìyá àgbà ń ṣe fún ẹni tó bá kí wọn. "Káà-ọ̀," ló wí. Ọkọ mi fò dìde bí ẹni tí iná jó. "Ó kàn ẹ́!" Ọmọ kò kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó kàn rẹ́rìn-ín títí itọ́ fi dà sí i láyà.

Bẹ́ẹ̀ ni eré náà ṣe wọ ilé wa. Bí ọkọ mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, eruku pupa á ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀ tí yóò ti ró ìró. Lónìí á di ìyàwó tó ń wúkọ́, lọ́la á di arúgbó tí orúnkún ń dùn, tó jẹ́ pé bó bá ti kúnlẹ̀ tán, á ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àpò ìrẹsì. Ìṣubú yìí ni ọmọ fẹ́ràn jù. Lọ́jọ́ kan, òun náà kúnlẹ̀, kì í ṣe láti kíni, bí kò ṣe kó lè ṣubú. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún kúnlẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kejì yìí ó dúró sórí orúnkún, ó ní, "Káà-ọ̀ mà." Ọkọ mi wò mí.  Ọwọ́ mi ṣì ń yí maṣíìnì, aṣọ tí mo ń rán sì ti gba ibi tí kò yẹ lọ.

Mi ò ní sọ pé eré wo ọmọ mi sàn. Kò wò ó sàn. Ṣùgbọ́n mo ń ṣọ́ ọ, nítorí iṣẹ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni ṣíṣọ́ nǹkan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti ṣeré, bí mo bá ní kó gbé abọ́ wá, ó ń gbé e wá. Mo lè wẹ̀ fún un láìjẹ́ pé ó gé mi jẹ. Bí iṣẹ́ ọ̀nà bá pọ̀, tí ọkọ mi pẹ́ kó tó wálé fún ọjọ́ bíi mélòó kan, a ó padà sí ìjókòó gbì àti igbe. Mo bi í ohun tó rò pé ó fà á.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, ìyàwó," ló wí. "Mo kàn rí i pé bí mo bá ní kó wá, kì í wá. Bí mo bá sá fún un, ó ń lé mi. Ìwọ náà wá kúnlẹ̀, wàá rí i."

"Ta ló máa ṣọ́ ìkòkò?"

"Ìkòkò ò lẹ́sẹ̀."

"Ẹ máa ṣe tiyín."

Mi ò ṣe é. Ọ̀rọ̀ ègún tí Ìyá Eléèédú sọ kò kúrò lọ́kàn mi. Ìgbà gbogbo tí eré bá parí, màá fi ọgbọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, màá fọwọ́ kan orí rẹ̀, màá sọ ọ́ sínú pé, "Ọlọ́run, eré ni o."

Ohun kan wà tí èmi àti ọkọ mi kò fiyè sí. Nínú eré náà, àgbà ló máa ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ti kí ọmọ, tó ti dáhùn, ìgbà náà ló tó máa ń kan òun. A rò pé a ti kọ́ ọ ní ìkíni. Ìyá ọkọ mi ló wá jẹ́ ká rí ohun tí a kọ́ ọ.

Ọ̀sán kan láàárín ọ̀sẹ̀ ló dé, láìránṣẹ́ ṣáájú, èlùbọ́ lórí, báàgì tí aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́. Mo fi maṣíìnì sílẹ̀, mo sáré kúnlẹ̀ nínú àgbàlá. "Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ kú ìrìn." Bí ọmọ mi ṣe rí mi lórí orúnkún, ó sáré jáde tayọ̀tayọ̀. Inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá bàbá rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, ó ní, "Káà-ọ̀, ọmọ mi."

Ìyá Eléèédú fi ọwọ́ dúdú bo ẹnu.

Ọmọ yíjú sí ìyá ọkọ mi, ó wò ó lókè. "Ó kàn ẹ́."

"Kí ló wí?"

"Kò wí nǹkan kan mà."

"Ó kàn ẹ́," ni ọmọ tún wí. "Kúnlẹ̀."

"Ṣé èmi ló ń bá wí?"

Ìyá Eléèédú kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ìyá, ẹ ò tíì rí nǹkan! Bàbá ẹ̀ gan-an ló ń kúnlẹ̀ fún un, pẹ̀lú gèlè lórí!"

Ìyá ọkọ mi fúnra rẹ̀ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Mo bu omi fún un, ó gbà á, kò mu ún. Ó sọ̀rọ̀, kò pariwo rárá. "Ìyàwó, kó aṣọ ẹ̀ jọ."

Nírọ̀lẹ́, ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá rẹ̀.

"Ìwọ tí mo bí," ó ní, "ìwọ lò ń ró ìró, tó ò ń kúnlẹ̀ fọ́mọ tó o bí?"

"Eré ni, Màmá."

"Eré. Ọmọ tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì, ẹ wá sọ fún un pé òun làgbà."

"Ó ti mọ ìkúnlẹ̀, mà. Àwa náà la máa kọ́kọ́..."

"Kí n kúnlẹ̀ kó tó kúnlẹ̀, àbí?" Ó mi orí. "Gbọ́ mi. Mi ò kórìíra ọmọ yìí. Lọ́jọ́ tí ìwọ àti ìyàwó ẹ ò bá sí mọ́, ta ló máa kúnlẹ̀ fún un?"

 Mo gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń bẹ̀rù omi àti típà, mi ò tíì jẹ́ kí ọkàn mi dé ibi tó dárúkọ yẹn. Mo rí i lọ́jọ́ náà pé ẹ̀rù ń ba ìyá ọkọ mi náà, àti pé ẹ̀rù tirẹ̀ rí ọ̀nà jíjìn ju tèmi lọ. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù, kó dúró de òun di ọ̀sán ọjọ́ kejì, nítorí ọ̀gá òyìnbó kò ní gbà kí òun má wá láàárọ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "Mo gbọ́." Kò ní òun gbà.

Kò dúró. Bí ọkọ mi ṣe jáde lọ síbi iṣẹ́, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó mú ọmọ lọ́wọ́. Aṣọ ọmọ ti wà nínú ìdì kan. Èmi ni mo dì í, mi ò lè wo ojú ìyá ọkọ mi kí n ní rárá. A kò tíì kúrò nínú àgbàlá tí ọmọ fi jókòó gbì. Ìyá ọkọ mi fà á. Ọmọ gé e jẹ lọ́rùn ọwọ́.

"Yéè! Ẹ bá mi mú ẹsẹ̀ ẹ̀!"

Ìyá Eléèédú ti ń nu ọwọ́ láti wá bá a mú un. Mo wá rí i bí yóò ṣe rí: àwọn méjì yóò gbé e bí ewúrẹ́ dé oríta, nínú igbe, láàárín àwọn típà.  Mi ò mọ eré í ṣe. Mo gbé ẹrù kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ síwájú ọmọ mi nínú ẹrẹ̀ àgbàlá, lójú ìyá ọkọ mi àti gbogbo ayálégbé tó ti jáde.

"Ẹ káàárọ̀ mà, ìyá àgbà."

Ohùn mi kò dára. Mo gbàgbé láti wúkọ́, mi ò sì lè ṣubú. Mo kàn dúró dè é, bí mo ṣe rí i tí bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ó tẹjú mọ́ ẹnu mi, omijé ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́. Ìyá kan lẹ́yìn mi pòṣé. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ àtẹ́lẹwọ́ kékeré lẹ́yìn mi.

"Káà-ọ̀, ọmọ mi."

"Ó kàn ẹ́," ni mo wí, ó sì kúnlẹ̀. Nígbà tó dìde, ó fi ọwọ́ rẹ̀ sínú tèmi, ó ń bá mi rìn.

Ìyá ọkọ mi wò wá. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ kí oòrùn tó mú," ló wí.

Mo ru báàgì rẹ̀ àti ìdì aṣọ ọmọ pọ̀ lórí. Lójú ọ̀nà, níbikíbi tó bá ti wu ọmọ, á dúró, á ní, "Ó kàn ẹ́," màá sì fi ọwọ́ di ẹrù mú, màá kúnlẹ̀. Àwọn tó ń já sìmẹ́ńtì dúró wò mí. Ẹnì kan ní, "Ìyá, ṣé kò sí nǹkan o?" Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n ọmọ mi kò sáré sójú títì. Ìyá ọkọ mi ń lọ níwájú. Nígbà tó yá, ó dín ìrìn rẹ̀ kù, ó ń wẹ̀yìn.

Lóríta, a bá bólékájà kan tó ń lọ sápá ọ̀dọ̀ wọn, èrò ti ń kún inú rẹ̀. Ìyá ọkọ mi yíjú sí ọmọ. "Ó yá, wọlé, ọmọ mi."

Ọmọ kò jókòó sílẹ̀, kò sì ké. Ó dúró ṣinṣin, ó ń wò ó. "Ó kàn ẹ́," ló wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ránni létí.

"Ìyá, ẹ wọlé jàre!" ni ọmọ ọkọ̀ pariwo. "Ẹ̀ ń dá wa dúró!"

Ìyá ọkọ mi wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó tún yọjú wo inú ọkọ̀, mo rò pé ó ń wò ó bóyá ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ kan di ara ọkọ̀ mú, ó rọra ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí nǹkan já bọ́ mọ́ lọ́wọ́, títí orúnkún rẹ̀ kan fi kan ilẹ̀. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Mo rí ọwọ́ ọmọ mi lórí aṣọ funfun náà.

"Káà-ọ̀, ọmọ mi."

Ọmọ kò dúró kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó kan òun. Ó fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ nínú eruku. "Káà-ọ̀ mà."

"Ìyá, kí lẹ ń wá nílẹ̀ yẹn?"

"Mú àyè mi dání fún mi!" ni ìyá ọkọ mi fi dá ọmọ ọkọ̀ lóhùn. Ó wà níbẹ̀ díẹ̀ sí i, orí rẹ̀ àti ti ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Nígbà tó dìde, ó na ọwọ́ sí orí mi, ó mú báàgì tirẹ̀. Ó ti ìdì aṣọ ọmọ padà sáàárín orí mi.

"Ìyàwó, mú un lọ sílé," ló wí. "Kẹ́ ẹ sì bá mi sọ fún un, kó má fi èyí kí mi lójú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì o."

Ó wọlé. Ọkọ̀ lọ. Kò tíì dáhùn ìbéèrè tó bi wá, àwa náà kò dáhùn rẹ̀. Ọmọ náà ti dàgbà báyìí, ó ń bá mi ká aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, bó bá sì ti rẹ̀ ẹ́ gan-an ó ṣì ń géni jẹ. Nígbà mìíràn, bí mo bá ń kúnlẹ̀ tí orúnkún mi ń ró, ìbéèrè náà máa ń padà wá bá mi.

Lọ́jọ́ náà, mi ò gbà pé ó ti parí. Ìyá ọkọ mi lè dé ìdajì ọ̀nà kó yí ọkàn padà. Nígbà tí a délé, mo tú ìdì ọmọ mi, mo pọn omi, mo sì fọ gbogbo aṣọ inú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n mọ́. Mo sá wọn sórí wáyà níkọ̀ọ̀kan, mi ò fún wọn gbẹ. Kò sí ẹni tó máa di aṣọ tó ń kán omi sínú ẹrù. Bí ọkọ mi ṣe sáré wọlé lọ́sàn-án, ohun tó kọ́kọ́ rí nìyẹn, aṣọ ọmọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ wáyà dé òpin, gbogbo wọn tutù rinrin.